AYÉKÒÓTỌ́ INÚ KỌ̀ǸPÚTÀ: Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ÀWỌN TÍ Ń TÚ ÀṢÍRÍ ÌWÀ ÌBÀJẸ́



Nínú ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí, a fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń jiyàn lé lórí. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: bí ènìyàn bá já wọ inú kọ̀ǹpútà ìjọba tàbí ti iléeṣẹ́ ńlá, tí ó kó ìwé àṣírí ibẹ̀ jáde, nítorí kí ayé lè rí ìwà ìbàjẹ́ tí wọ́n ń hù níbẹ̀, olè ni tàbí ẹlẹ́rìí? Àwọn kan á ní olè ni olè ń jẹ́. Àwọn mìíràn á ní ẹni tí ó tú àṣírí olè kì í ṣe olè. A kò ní fi ariwo dáhùn. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an, kí á tó sọ èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára nínú rẹ̀.

Ta ni a ń pè bẹ́ẹ̀?

Ẹni tí ó mọ ọgbọ́n tí a fi ń wọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgba àṣẹ ni àwọn Òyìnbó ń pè ní hacker. Wọn kì í ṣe oríṣi kan náà. Ọ̀kan wà tí ó jẹ́ pé owó inú báńkì ni ó ń wá. Jìbìtì ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan wà tí ìjọba gbà síṣẹ́ kí ó máa ṣe amí fún òun. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a ń bá wí lónìí, tí wọ́n ń pè ní hacktivist. Òun ní òun kò wá owó. Ẹ̀tọ́ ará ìlú ni òun ń jà fún, kọ̀ǹpútà ni òun sì fi ń jà á.

Ẹgbẹ́ kan tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni èyí tí ó ń pe ara rẹ̀ ní Guacamaya. Àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń sọ èdè Sípéènì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹgbẹ́ náà ti ṣiṣẹ́. Guacamaya ni orúkọ tí wọ́n ń pe ẹyẹ ńlá aláwọ̀ mèremère kan tí ó jẹ́ ìbátan odídẹrẹ́. Àwa Yorùbá náà sì mọ orúkọ mìíràn tí odídẹrẹ́ ń jẹ́: ayékòótọ́. Ẹyẹ tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú ilé, tí ó ń sọ ọ́ síta, tí inú onílé kò sì dùn sí i. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà kò fi ojú hàn, wọn kò sì sọ orúkọ ara wọn.

1. Adágún tí ó pọ́n

Ní ìlú El Estor, ní orílẹ̀-èdè Guatemala, adágún ńlá kan wà tí ń jẹ́ Izabal. Àwọn ìran Maya tí wọ́n ń pè ní Q'eqchi' ni ó pọ̀ níbẹ̀. Oko àti ẹja ni wọ́n fi ń jẹun. Nítòsí wọn ni wọ́n ti ń wa kùsà níkẹ̀ẹ̀lì ní ibi tí a ń pè ní Fénix, lábẹ́ iléeṣẹ́ Solway tí orílé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Switzerland.

Ní ọdún 2017, àwọn apẹja jí rí i pé omi adágún náà pọ́n lápá kan. Wọ́n ní iléeṣẹ́ kùsà ni ó da ìdọ̀tí sí i. Ìjọba ní ewé inú omi lásán ni. Àwọn apẹja dí ọ̀nà láti fẹ̀hónú hàn, ọlọ́pàá dé, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún náà, ìbọn pa apẹja kan tí ń jẹ́ Carlos Maaz. Oníròyìn kan láti ìran wọn, Carlos Choc, tí ó ròyìn ọ̀rọ̀ náà, ni wọ́n tún gbé lọ sí kóòtù.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí nígbà náà. Apẹja ní ohun tí òun rí, òun rí i. Ìjọba ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ni ayé yóò gbà gbọ́? Ẹni tí ó ní ìwé lọ́wọ́. Àwọn ìwé náà sì wà nínú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni ìwé ọ̀hún jáde. Guacamaya kó ímeèlì àti àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ náà, wọ́n sì fi wọ́n lé àjọ oníròyìn kan lọ́wọ́ ní Paris, tí ń jẹ́ Forbidden Stories. Iṣẹ́ àjọ yìí ni pé kí ó máa parí ìwádìí tí àwọn oníròyìn tí wọ́n pa, tàbí tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́, kò lè parí. Oníròyìn 65 láti iléeṣẹ́ ìròyìn 20 ni wọ́n jọ ka àwọn ìwé náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n gbé ohun tí wọ́n rí jáde: pé àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ mọ̀ nípa ìdọ̀tí tí ń wọ inú adágún; pé wọ́n ń ná owó láti fa àwọn aṣáájú àdúgbò mọ́ra; pé wọ́n ń ṣọ́ àwọn oníròyìn tí ó bá wá sí ìlú náà. Iléeṣẹ́ náà ní òun kò jẹ̀bi.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de àwọn ènìyàn méjì tí ọwọ́ wọn wà nínú iṣẹ́ kùsà náà àti àwọn iléeṣẹ́ tí ó jẹ mọ́ ọn. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn ni pé ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ń fún àwọn olóṣèlú, àwọn adájọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní rìbá.

Àwọn àgbà wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n kí á má gbàgbé pé òtítọ́ tí ó bá irọ́ yìí kò jí Carlos Maaz dìde.

2. Ògiri tí ó lanu

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 kan náà, Guacamaya gbé nǹkan bí 400,000 ímeèlì jáde láti inú kọ̀ǹpútà àwọn ọ̀gá ológun orílẹ̀-èdè Chile. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Ọ̀gágun Guillermo Paiva, tí ó jẹ́ olórí àpapọ̀ àwọn ọ̀gá ológun náà, fi ipò sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ fetí sí ibí yìí. Kì í ṣe idán ni wọ́n fi wọlé. Àlàfo kan wà nínú ètò tí iléeṣẹ́ Microsoft ṣe fún ìfìwéránṣẹ́. Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti ọdún 2021. Ohun tí ó kù ni kí àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn lo àtúnṣe náà, wọn kò sì lò ó. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹni tí a fi àṣírí odindi orílẹ̀-èdè ṣọ́, tí kò ti ilẹ̀kùn, òun náà ní ẹjọ́ láti jẹ́.

Kí oṣù náà tó parí ni ìròyìn gba ayé kan pé ẹgbẹ́ yìí ti kó tẹ́ràbáìtì 6 ìwé àti ímeèlì láti iléeṣẹ́ ètò ààbò orílẹ̀-èdè Mexico, tí wọ́n ń pè ní SEDENA. Bí ènìyàn ọgọ́rùn-ún bá ń kà á ní àárọ̀ àti ní alẹ́, yóò pẹ́ gan-an kí wọ́n tó kà á tán. Ààrẹ ìgbà náà, Andrés Manuel López Obrador, jẹ́wọ́ ní gbangba pé òtítọ́ ni.

Kí ni ó kọ́kọ́ gba ẹnu gbogbo ènìyàn? Àìsàn Ààrẹ ni. Ìwé náà fi hàn pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ọkọ̀ òfuurufú tí a fi ń gbé aláìsàn ni ó gbé e kúrò ní Palenque lọ sí olú-ìlú nítorí àìsàn ọkàn. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí. Ará ìlú lè ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bóyá ara olórí wọn le. Ṣùgbọ́n àìsàn kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́. Ohun tí ó pariwo jù lọ nínú àpò ìwé kì í sábà jẹ́ ohun tí ó wúwo jù lọ. Ohun tí ó wúwo wà nísàlẹ̀ àpò, sùúrù sì ni a fi ń dé ibẹ̀.

3. Ohun tí ó wà nísàlẹ̀ àpò

Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò oògùn olóró ti ń da Mexico láàmú. Ológun ni ìjọba sì rán sí wọn. Nínú ìwé àwọn ológun fúnra wọn ni a ti kà á pé ní ọdún 2019, ológun kan ní bárékè kan nítòsí olú-ìlú fi bọ́ǹbù àfọwọ́jù 70 lọ ẹgbẹ́ ọ̀daràn kan láti rà, tí ó sì ti kó 8 fún wọn nínú rẹ̀. Ẹni tí a ní kí ó ṣọ́ ẹran ni ó ń mú ẹran tà.

Ìwé tún sọ̀rọ̀ nípa ìpínlẹ̀ Tabasco. Níbẹ̀, Hernán Bermúdez Requena ni olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀ láti ìparí ọdún 2019. Àkọsílẹ̀ àwọn amí ológun so orúkọ ọkùnrin yìí pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ọ̀daràn. Ìyẹn ni pé àwọn ológun ti kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn. Ìwé náà bọ́ sí gbangba ní ọdún 2022. Síbẹ̀, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni ó tó kúrò lórí ipò. Ọdún 2025 ni adájọ́ tó pàṣẹ pé kí wọ́n mú un. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Paraguay, wọ́n sì dá a padà sí Mexico láti wá jẹ́jọ́.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Láti ìgbà tí àṣírí ti tú títí di ìgbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta. Ìwé kò ní ẹsẹ̀. Ayékòótọ́ lè gbé ọ̀rọ̀ jáde kúrò nínú ilé, ṣùgbọ́n kò lè gbé e dé iwájú adájọ́. Ènìyàn ni yóò gbé e débẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí i pé a sọ pé ó wá jẹ́jọ́. A kò sọ pé ó jẹ̀bi. Amí ológun lè kọ òtítọ́, ó sì lè kọ àhesọ. Pé ìwé jẹ́ àṣírí kò sọ ọ́ di òtítọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òsìkà.

4. Bí a ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò

Ní ilé-kéú, a kọ́ yín pé àwọn onímọ̀ hadith kì í gba ọ̀rọ̀ nítorí pé ó dùn ún gbọ́. Wọ́n á bèèrè pé ta ni ó sọ ọ́? Lẹ́nu ta ni ó ti gbọ́ ọ? Ǹjẹ́ àwọn méjèèjì tilẹ̀ pàdé rí? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni oníròyìn gidi ń bi ìwé tí ó jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tí ó yanjú.

Pegasus ni orúkọ ètò amí kan tí iléeṣẹ́ kan ní Israel ṣe, tí ó ń wọ inú fóònù ènìyàn láìjẹ́ kí ó mọ̀, tí ó sì ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ààrẹ López Obrador ti sọ pé ìjọba òun kì í ṣe amí ará ìlú. Nínú ìwé tí Guacamaya kó, wọ́n rí i pé ní ọdún 2019 iléeṣẹ́ ológun san owó fún iléeṣẹ́ kan tí ń ta Pegasus ní Mexico. Ṣé ìyẹn tó láti sọ pé wọ́n ṣe amí ẹni kan pàtó? Kò tó. Ẹni tí ó ra àdá lè lọ sí oko.

Nítorí náà ni àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àti àwọn oníròyìn Mexico fi wá ẹ̀rí kejì. Wọ́n gbé fóònù àwọn tí wọ́n fura pé wọ́n ti ṣe amí wọn fún Citizen Lab, tí í ṣe ibi ìwádìí ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà. Wọ́n sì rí ojú ẹsẹ̀ Pegasus nínú fóònù Raymundo Ramos, ẹni tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú ní Nuevo Laredo, àti nínú fóònù oníròyìn Ricardo Raphael. Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni wọ́n kéde èyí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ìwé mìíràn tún jáde láti inú àpò kan náà. Ìwé yìí fi hàn pé ní ọdún 2020 àwọn ológun gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Ramos bá àwọn oníròyìn sọ lórí fóònù. Kí ni wọ́n ń sọ? Àwọn ènìyàn tí ológun pa ní Nuevo Laredo ní oṣù keje ọdún náà ni. Ramos ń ran àwọn ẹbí òkú lọ́wọ́. Àwọn tí a fẹ̀sùn kàn sì ń gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ààrẹ ní iṣẹ́ ìwádìí ni, kì í ṣe amí.

Ẹ rí i bí okùn náà ṣe gùn: ìwé owó sísan, fóònù tí a yẹ̀ wò, ìwé ológun tí ó bá ohun tí a rí nínú fóònù mu. Ẹ̀rí mẹ́ta tí ó ti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, tí ó ń sọ ohun kan náà. Bí àṣírí ṣe ń di ẹ̀rí nìyẹn.

5. Orúkọ tí ó lè pa ènìyàn

Kí á má rò pé ìtúsílẹ̀ àṣírí kò ní ewu. Ní ọdún 2011, àwọn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Anonymous ní Mexico gbé fídíò jáde. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ọ̀daràn tí ń jẹ́ Zetas ti gbé ọ̀kan nínú àwọn lọ ní ìpínlẹ̀ Veracruz, àti pé bí wọn kò bá fi í sílẹ̀, àwọn yóò ka orúkọ àwọn ọlọ́pàá, awakọ̀ takisí àti oníròyìn tí ń bá Zetas ṣiṣẹ́ sí etí ayé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, wọ́n kéde pé a ti fi ẹni náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú ìkìlọ̀ kan bọ̀: orúkọ kan tí wọ́n bá sọ jáde, ènìyàn mẹ́wàá ni Zetas yóò pa. Wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró.

Ẹ ronú sí i. Bí orúkọ awakọ̀ kan bá bọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀ ní àṣìṣe ńkọ́? Àwọn ọ̀tá Zetas kò ní dúró de adájọ́. Wọ́n á ti pa á kí ó tó lè sọ pé irọ́ ni. Ohun tí ó wu ènìyàn láti ṣe nítorí òdodo lè ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀.

Ó dàbí ẹni pé àwọn Guacamaya mọ èyí. Wọn kò da ìwé SEDENA sí ìta gbangba kí ẹnikẹ́ni kàn máa bù ú. Àwọn oníròyìn àti àwọn olùwádìí ni wọ́n gbà láàyè láti kà á, nítorí orúkọ àwọn tí ìyà jẹ àti ti àwọn tí ó jẹ́rìí lòdì sí ọ̀daràn wà nínú rẹ̀. Bí orúkọ ẹlẹ́rìí bá tẹ ọ̀daràn lọ́wọ́, ta ni yóò tún jẹ́rìí?

6. Olè ni tàbí ẹlẹ́rìí?

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìbéèrè wa. Ẹ̀sìn wa kọ̀ fún wa láti máa tọpinpin àṣírí ọmọnìkejì. Ó sì kọ̀ fún wa láti fi ẹ̀rí pamọ́ nígbà tí wọ́n bá ń jẹ ẹlòmíràn níyà. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan nínú méjèèjì yìí, tí ó sọ èkejì nù, kò tíì sọ òótọ́ tán.

Lójú tiwa, yàrá tí ọkọ àti aya ń sùn ní àṣírí tí ó yẹ kí á bọ̀wọ̀ fún. Ilé ìṣúra ìlú kò ní irú àṣírí bẹ́ẹ̀ sí àwọn tí ó ni owó inú rẹ̀. Ológun tí ń ta bọ́ǹbù fún ọ̀daràn kò lè ní kí á bo àṣírí òun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọ́ ilẹ̀kùn kò lè mọ ohun tí yóò bá nínú yàrá kí ó tó wọlé. Ó lè bá ìwà ìbàjẹ́; ó sì lè bá ìwé àìsàn àti orúkọ ẹlẹ́rìí. Nítorí náà ni òfin orílẹ̀-èdè fi ka fífọ́ ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà sí ẹ̀ṣẹ̀, a kò sì ní kí ọ̀dọ́ kankan lọ dán an wò. Òfin ilẹ̀ wa náà kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti ọdún 2015.

Ohun tí a ń sọ ni pé kí á má fi ẹ̀ṣẹ̀ ayékòótọ́ bo ẹ̀ṣẹ̀ onílé mọ́lẹ̀. Nígbà tí apẹja sọ̀rọ̀, ta ni ó gbọ́? Nígbà tí oníròyìn kọ̀wé, kóòtù ni wọ́n gbé e lọ. Ibi tí wọ́n bá ti dí ẹnu ẹlẹ́rìí tí ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹlẹ́rìí tí yóò gba ojú fèrèsé yóò dé.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́

1. Títú àṣírí kì í ṣe ìdájọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni.

2. Ìwé kan kò tó ẹ̀rí. Kí á wá èkejì àti ẹ̀kẹta láti ibi tí ó yàtọ̀.

3. Kí á ya àìlera ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ìwà ìbàjẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó pamọ́ ni ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

4. Kí á dáàbò bo orúkọ aláìṣẹ̀ àti ti ẹlẹ́rìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìròyìn yóò dùn jù bí a bá dárúkọ wọn.

5. Akọ̀wé, akáwó àti ẹni tí ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ni ìwé ìjọba ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Bí wọ́n bá jẹ́ olóòótọ́, tí ọ̀nà sì wà fún wọn láti sọ̀rọ̀ láìfarapa, a kò ní nílò ẹni tí yóò fọ́ ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀yin ni ẹ óò jókòó sí ipò wọ̀nyí.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé ẹ̀ka

(a) Bí ẹ bá rí ìwé rìbá níbi iṣẹ́ yín, ta ni ẹ kọ́kọ́ máa sọ fún? Bí ẹni náà bá wà nínú rẹ̀ ńkọ́?

(b) Ìròyìn kan dé sórí fóònù yín pé olórí kan jalè. Ìbéèrè mẹ́ta wo ni ẹ óò bèèrè kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn?

(d) Ṣé ó tọ́ kí Guacamaya gbé ọ̀rọ̀ àìsàn Ààrẹ lé àwọn oníròyìn lọ́wọ́? Kí apá kan gbèjà rẹ̀, kí apá kejì takò ó.

Kí Ọlọ́hun ṣe wá ní ẹni tí a lè fi kọ́kọ́rọ́ ìlú sí lọ́wọ́, kí ó sì má jẹ́ kí á bẹ̀rù òtítọ́ lọ́jọ́ tí ó bá kàn wá láti sọ ọ́. Àmín.